Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Láti Ronú Jinlẹ̀

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Àwọn olùkọ́ ló kọ èyí tó pọ̀ jù, àwọn òbí náà kò sì gbẹ́yìn. Méje la lè dáhùn nínú ìtẹ̀jáde yìí. Bí ẹ ṣe ń kà á lọ, ẹ ó rí i pé ibì kan náà ni ìdáhùn wa ń forí lé: àròjinlẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún lọ́sẹ̀. Inú iṣẹ́ tí ẹ ti ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ló wà, nínú ìbéèrè tí ẹ bi wọ́n, àyè tí ẹ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó fèsì, àti ohun tí ẹ fi èsì náà ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá ti kọ́ wọn tán, màá béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Tí mo bá wá béèrè ìdí abájọ, àwọn mẹ́ta kan náà ló máa ń nawọ́ lójoojúmọ́. Kí ni kí n ṣe sí àwọn yòókù? (Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa "Ṣé ó yé yín?" tì pátápátá. Ta ni yóò dìde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ní kò yé òun? Àní, ẹni tí kò yé rárá lè má mọ̀ pé kò yé òun.

Ìbéèrè tí àkọ́sórí nìkan kò lè dáhùn ni kí ẹ wá. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ife gíláàsì tí omi dídì wà nínú rẹ̀ ka orí tábìlì, kí ẹ sì dé e lórí. Láìpẹ́, omi á tò sára ife náà lóde, á máa ṣàn wálẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: "Níbo ni omi yìí ti wá?" Ọmọ tó ti kọ́ ọ sórí lánàá bí oru inú afẹ́fẹ́ ṣe ń di omi lè sọ ọ́ láìmikàn pé inú ife ló ti jò. Ẹ má tíì sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún bi gbogbo wọn pé: "Kí la lè ṣe tí a ó fi mọ̀ bóyá ó jò lóòótọ́?" Ibẹ̀ ni ìrònú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní ká pa omi inú ife láró, ká wò ó bóyá omi tó wà lóde máa ní àwọ̀. Ẹlòmíràn á ní ká wọn ife náà báyìí, ká tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tó bá jẹ́ pé ó jò ni, omi náà ṣì wà lára ife, ìwúwo rẹ̀ kò ní yí padà. Tó bá jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ lomi ti wá, ife á wúwo sí i. Ọmọ tó bá lè sọ èyí kí òṣùwọ̀n tó dé ti ṣe iṣẹ́ tó ju ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ.

Lẹ́yìn ìbéèrè, sùúrù ló kàn. Láàárín àwọn ọdún 1970, Mary Budd Rowe, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, fetí sí ohùn ọ̀pọ̀ kíláàsì tó gbà sílẹ̀. Ó rí i pé lẹ́yìn ìbéèrè, olùkọ́ kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3 ó kéré tán, ìdáhùn a máa gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Ẹ ka 3 yẹn sínú, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀, nítorí ìdákẹ́jẹ́ máa ń gùn lójú ẹni tó dúró síwájú. Ibi méjì lẹ ó sì ti dúró: lẹ́yìn ìbéèrè yín, àti lẹ́yìn ìdáhùn ọmọ. Ìdúró kejì yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń gbàgbé. Tí ẹ bá ti kígbe "O káre!" kíá, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àwọn tó ṣì ń rò ó lọ́wọ́.

Ní ti àwọn mẹ́ta tó máa ń nawọ́ yẹn, ẹ lo ọ̀nà tí Frank Lyman, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1981: kí kálukú dá rò ó, kí wọ́n rò ó ní méjì-méjì, kí wọ́n tó sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì. Ìṣẹ́jú 1 fún kíkọ sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 2 fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fa orúkọ yọ látinú ìwé pélébé tí ẹ ká sínú àpótí. Ohun tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde máa sọ ni èrò ẹnìkejì rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Èyí ló máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Nǹkan méjì ló máa ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí a fo kíkọ sílẹ̀: ẹni tí kò kọ nǹkan kan á kàn gba ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ bá sọ. Èkejì ni kí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú àwọn méjèèjì gba gbogbo àkókò. Ẹ pàṣẹ pé ẹni tó jókòó lápá òsì ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹnìkejì má sì já lù ú títí ìṣẹ́jú 1 á fi pé. Ẹ má sì ṣe dárúkọ ọmọ kí ẹ tó béèrè ìbéèrè. Bí orúkọ bá ti ṣáájú, àwọn yòókù ti sinmi nìyẹn.

Ìbéèrè: Ọgọ́rin akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nínú kíláàsì mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pín wọn sí ẹgbẹ́, ariwo ni. Ṣé ọ̀nà kan wà fún irú wa? (Olùkọ́ físíìsì)

Ìdáhùn: Ó wà, ẹnì kan tó ń kọ́ físíìsì bíi tiyín ló sì gbé e jáde. Eric Mazur, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991 nígbà tó ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun lè ṣe ìṣirò gígùn síbẹ̀ tí ìbéèrè kékeré tí kò ní nọ́ńbà nínú ń gbé wọn ṣubú. Ẹ wo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀:

Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè gan-an. Nígbà tó dé ibi tó ga jù, tó fẹ́ máa padà bọ̀, agbára wo ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀? (Ẹ má ka ti afẹ́fẹ́ sí.)
1. Kò sí agbára kankan.
2. Agbára tó gbé e sókè àti òòfà ilẹ̀, àwọn méjèèjì dọ́gba.
3. Òòfà ilẹ̀ nìkan.
4. Agbára tó gbé e sókè nìkan, tó ti ń tán lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èkejì ṣe fani mọ́ra tó: bọ́ọ̀lù náà dà bí ẹni pé ó dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà kúkúrú, ọmọ á sì rò pé ohun tó bá dúró ní láti ní agbára méjì tó ń fà á dọ́gba. Gbogbo ìdáhùn tí kò tọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ gidi máa ń ṣe. Ẹ wá wọn nínú ìwé ìdánwò ọdún tó kọjá. Bí ẹ bá fi ìdáhùn tí kò bọ́gbọ́n mu kún un, ẹ ti fi àyè kan ṣòfò.

Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 1 tàbí 2 kí kálukú dá rò ó. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí gbogbo wọn gbé ìka sókè sí àyà lẹ́ẹ̀kan náà, 1 sí 4. Àyà la wí, kì í ṣe òkè orí, kí wọ́n má baà jí ara wọn wò. Ẹ ka iye tó mú ẹ̀kẹta láìsọ fún wọn. Bí wọ́n bá wà láàárín 30 sí 70 nínú 100, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ 24 sí 56 nínú 80 tiyín, ẹ ní kí kálukú wá ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀ nítòsí, kó fi ìdí yí i lọ́kàn padà. Ìṣẹ́jú 2 tó. Kí wọ́n tún dìbò. Ìgbà yìí lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé.

Bí wọ́n bá dín ní 24, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jíròrò, nítorí ẹni tó máa la ẹnìkejì lóye kò pọ̀ tó. Ẹ tún un kọ́. Bí wọ́n bá ju 56, ẹ ṣàlàyé ní ṣókí, kí ẹ máa lọ. Àṣìṣe tó burú jù ni kí ojú olùkọ́ tàbí ohùn rẹ̀ ti tú àṣírí ìdáhùn kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mọ ibi tí ẹ ń lọ, iyèméjì ti tán, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ bá ara wọn sọ mọ́. Irú ìbéèrè yìí máa ń gba bí ìṣẹ́jú 6 sí 8, nítorí náà ẹ má fi ju 2 sí 3 lọ nínú iṣẹ́ ìṣẹ́jú 40. Ti ariwo, ẹ jẹ́ kó wà. Ariwo ìṣẹ́jú 2 tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa ní ká dáwọ́ kíkọ́ nǹkan sórí dúró, pé ìrònú ló kù báyìí. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. (Olùkọ́ ìṣirò)

Ìdáhùn: Ọkàn tiwa náà kò balẹ̀ sí i. Ohun tí èèyàn mọ̀ ló fi ń ronú. Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon, àwọn olùwádìí nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ọpọ́n ayò chess síwájú ọ̀gá kan nínú ayò náà àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tó o fún ìṣẹ́jú àáyá 5, wọ́n ní kí wọ́n tò ó padà látinú iyè. Bí ó bá jẹ́ ìtò ayò gidi, ọ̀gá fi àwọn aláìmọ̀ọ́ta sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n kàn da ọmọ ayò sílẹ̀ kátikàti, ọ̀gá kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju aláìmọ̀ọ́ta lọ mọ́. Ìyẹn ni pé kì í ṣe iyè ọ̀gá ló mú ju ti ẹlòmíràn, ìmọ̀ ayò tó ti kó jọ ló ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, ọmọ tó ń ronú dáadáa nínú ìtàn lè ṣìnà nínú kẹ́mísìrì, kò sì sí eré ìdárayá ọpọlọ kan tó máa gbé ìrònú láti ẹ̀kọ́ kan lọ sí òmíràn láìsí ìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ táábù ìsọdipúpọ̀ wọn. Kí ẹ má kàn fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ni. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, iṣẹ́ tí a ti ṣe sílẹ̀ sàn ju ìṣòro tuntun lọ, nítorí pé kò ní ru ẹrù tó wúwo jù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ ojútùú mẹ́ta sí ojú pátákó, kí ọ̀kan nínú wọn ní àṣìṣe. Ká ní ìlà kan kà báyìí: 3(x + 4) = 3x + 4. Ẹ má béèrè ìdáhùn tó tọ́. Ẹ béèrè pé: ìlà wo ló ti wọ́? Kí ni ẹni tó kọ ọ́ ń rò lọ́kàn? Nọ́ńbà wo la lè fi sí ipò x tí òun fúnra rẹ̀ á fi rí i? Ọmọ tó bá ní ká fi 1 síbẹ̀ á rí 15 lápá kan, 7 lápá kejì, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ náà ti ní irinṣẹ́ tó lè fi yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò nìyẹn.

Ìbéèrè: Nínú àròkọ, "mo rò pé" ni gbogbo ìlà. Wọn kì í gbe èrò wọn lẹ́sẹ̀. (Olùkọ́ èdè)

Ìdáhùn: Wọ́n ń gbè é, ẹsẹ̀ kan ló sábà máa ń kù. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, nítorí oorun ń ran ọpọlọ lọ́wọ́." Àbá wà níbẹ̀, ẹ̀rí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ti ẹ̀rí dé àbá? Ó fara sin: ọmọ náà gbà pé tí ilé ẹ̀kọ́ bá pẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sùn pẹ́ sí i. Bóyá ńṣe ni wọ́n á wá máa pẹ́ẹ́ lọ sùn. Stephen Toulmin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Bìrìtìkó, ló tú àríyànjiyàn palẹ̀ báyìí ní 1958. Ẹ lè pe ohun tó fara sin náà ní afárá, kí gbogbo kíláàsì sì mọ orúkọ náà.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ní kí wọ́n kọ ju ìpínrọ̀ kan ṣoṣo lọ, tó ní gbólóhùn mẹ́rin: àbá, ẹ̀rí, afárá, àti ohun tó lágbára jù tí alátakò lè sọ. Nínú máàkì 10, ẹ fi 2 sí àbá, 2 sí ẹ̀rí, 4 sí afárá, 2 sí alátakò. Ẹ yọ gírámà kúrò nínú 10 yìí, kí ẹ fún un ní máàkì tirẹ̀. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ẹni tí èdè rẹ̀ dùn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lórí á máa gba 8, á sì rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé wọ́n á tún ẹ̀rí kọ lọ́nà mìíràn, wọ́n á pè é ní afárá. Ẹ kọ́ wọn láti fi "bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí … bá rí bẹ́ẹ̀, … gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ náà" dán an wò.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní iṣẹ́ kan tí a lè gbé wọ kíláàsì lọ́la. (Olùkọ́ méjì, ìtàn àti ìmọ̀ ìlera)

Ìdáhùn: Ẹ lo àjàkálẹ̀ àrùn onígbáméjì tó jà ní Soho, London, ní 1854. Ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé afẹ́fẹ́ olóòórùn ló ń fa àrùn náà. John Snow, tí òun náà jẹ́ dókítà, ní omi ni. Ẹ kọ ẹ̀rí sórí káàdì márùn-ún, kí ẹ sì pín wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan, kí kálukú kọ nọ́ńbà láti 0 dé 10 fún "afẹ́fẹ́" àti fún "omi", bí ó ṣe dá a lójú tó, pẹ̀lú ìdí kan.

Káàdì 1: àpèjúwe àrùn náà, àti èrò àwọn dókítà. Káàdì 2: àwòrán ilẹ̀ tó fi hàn pé àwọn tó kú pọ̀ jù nítòsí ẹ̀rọ omi tó wà ní Broad Street. Káàdì 3: ilé ìpọntí kan wà ládùúgbò náà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní 70; ọtí ni wọ́n ń mu, kò sí èyí tí onígbáméjì pa nínú wọn. Káàdì 4: opó kan kú ní Hampstead tó jìnnà síbẹ̀, ó fẹ́ràn omi Broad Street, wọ́n sì máa ń bá a bù ú wá. Káàdì 5: wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà ní ọjọ́ 8 oṣù September, ṣùgbọ́n iye tó ń kú ti ń lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́.

Ẹ dúró pẹ́ lórí káàdì 2. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sáré kọ 9 fún omi. Ẹ bi wọ́n pé: ká ní afẹ́fẹ́ burúkú ló bo àdúgbò yẹn ńkọ́, ṣé àwòrán ilẹ̀ náà kò ní rí bákan náà? Yóò rí bákan náà. Àwòrán náà nìkan kò lè ya èrò méjèèjì sọ́tọ̀. Káàdì 3 àti 4 ló yà wọ́n: àwọn kan mí afẹ́fẹ́ náà, wọn kò mu omi náà, wọ́n yè, ẹnì kan mu omi náà láìmí afẹ́fẹ́ náà, ó kú. Káàdì 5 sì máa ń dá àríyànjiyàn tó dára sílẹ̀, nítorí ó já ìtàn aládùn tí wọ́n ti ń retí. Bí ẹ bá pín káàdì máràrùn-ún lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́: ìparí ni wọ́n á kà. Ẹni tó bá ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ agbẹjọ́rò afẹ́fẹ́, kó ṣàlàyé káàdì kọ̀ọ̀kan láti apá ibẹ̀.

Ìbéèrè: Gbogbo ohun tí ọmọ mi bá rí lórí fóònù ló ń gbà gbọ́. (Ìyá)

Ìdáhùn: Sam Wineburg àti Sarah McGrew, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, fi àwọn òpìtàn 10, àwọn tó ń yẹ ìròyìn wò bí iṣẹ́ 10, àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 25 síwájú ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀pọ̀ òpìtàn dúró sójú ìwé náà, wọ́n ń kà á lókè sódò, wọ́n ń wo àmì rẹ̀ àti bó ṣe rí. Àwọn tó ń yẹ ìròyìn wò kò pẹ́ fi í sílẹ̀, wọ́n ṣí ojú ìwé mìíràn láti wá ohun tí ẹlòmíràn sọ nípa ẹni tó ni ín. Àwọn ni wọ́n yára jù, tí wọ́n sì tọ̀nà jù. Ìyá wa, ohun tí ẹ ó máa bá ọmọ ṣe nìyẹn: kó tó ka ìpínrọ̀ kejì, kó lọ wá orúkọ ẹni tó kọ ọ́ níbòmíràn. Ìṣẹ́jú 2, pẹ̀lú yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ìbéèrè: Tèmi máa ń bá gbogbo èèyàn jiyàn. Ṣé àròjinlẹ̀ náà nìyẹn? (Bàbá)

Ìdáhùn: Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ronú jinlẹ̀ máa ń wá ohun tó lè já èrò ara rẹ̀. Eré kan wà tí Peter Wason, olùwádìí nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé jáde ní 1960 tó máa fi èyí hàn án láìsí ìbáwí. Ẹ kọ 2, 4, 6 sílẹ̀. Ẹ ní òfin kan wà tí nọ́ńbà mẹ́ta yìí tẹ̀lé, kó máa mú mẹ́ta mẹ́ta mìíràn wá, ẹ ó máa ní "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" títí tí òfin náà á fi dá a lójú. Á mú 8, 10, 12 wá. Bẹ́ẹ̀ ni. 20, 22, 24. Bẹ́ẹ̀ ni. Á fọwọ́ sọ̀yà pé ńṣe là ń fi 2 kún un. Rárá. Òfin náà kò ju pé kí nọ́ńbà máa pọ̀ sí i: 1, 7, 50 bá a mu. Ẹ wá bi í pé: "Nínú gbogbo èyí tí o mú wá, èwo ló lè fi hàn ọ́ pé o ṣì í?" Kò ní sí.

Láti ọjọ́ yẹn, kó tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn nínú ilé, kó kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ẹni náà sọ títí onítọ̀hún á fi ní, "Ohun tí mo wí gan-an nìyẹn." Lẹ́yìn náà, kó sọ ohun kan pàtó tí ó bá rí, tí òun á fi yí èrò òun padà. Tí kò bá rí nǹkan kan sọ, ẹ jẹ́ kó lọ rò ó, kó padà wá lọ́la.